Ẹni Tó Jó Ewé Ẹ̀wà

Ní ẹ̀bá ahéré rẹ̀, àgbẹ̀ kan na ewé ẹ̀wà tó pọ́n bíi pé iná rà á sí obìnrin onímọ̀ ọ̀gbìn tó wá láti Ayétòrò.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Bàrúwà yìí ló fín oògùn koríko sóko mi."

Bàrúwà, tí oko wọn jọ pààlà, ń wúkọ́ ní tirẹ̀.

"Kì í ṣe oògùn," obìnrin náà dáhùn. "Èéfín ọkọ̀ àti ooru tó ń ti ara bẹntiróòlù jáde ni oòrùn ń sọ di afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jó ewé, tó tún ń fa ikọ́. Ṣé ẹnì kan ń kó bẹntiróòlù pamọ́ nítòsí ni?"

Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù fàyàwọ́ àgbẹ̀ náà ló kún ẹ̀yìn ahéré. Kò lè gbójú sókè.

"Rárá o, Àǹtí," Bàrúwà bá a dáhùn, ó sì rọra fẹsẹ̀ ti imọ̀ ọ̀pẹ bo kẹ́ẹ̀gì kan tó yọjú.