Omi Lọ́fíńdà Tí Wọ́n Fi Wẹ Regent

Irọ́ ni Odette Pruitt pa. Ó wo ojú Ìyáàfin Winifred Stroud, ó ní omi lọ́fíńdà ni òun fi wẹ ìkanra kúrò lára ajá rẹ̀, obìnrin náà sì gbà á gbọ́. Ẹni tó ń gẹ irun ajá jẹun ní ìlú kékeré bíi Harlan Creek, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ọjà rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìdíje ajá ìlú náà ku ọjọ́ méjì, ajá púdù méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù Odette. Funfun ni àwọn méjèèjì, irun wọn sì ká bí irun àgùntàn. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n ti rà wọ́n, ọ̀rọ̀ tí Ìyáàfin Stroud kì í fẹ́ gbọ́. Tirẹ̀ ni Regent. Dumpling ni ti Bàbá Clem Tolliver, irun rẹ̀ kò sì rí sísọ́ọ̀sì mọ́ láti ìgbà òtútù, nígbà tí wọ́n gbé Nadine, ìyàwó bàbá náà, lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nadine ló máa ń gẹ irun náà tẹ́lẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ló ń béèrè Dumpling," Bàbá Tolliver sọ, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Nígbà mìíràn, kò rántí orúkọ tèmi mọ́. Kò tíì gbàgbé ti ajá."

"Kí ni àwọn ará ilé ìtọ́jú wí, Bàbá?"

"Wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olájá, tó sọ pé ajá náà kì í gé èèyàn jẹ. Winifred sì ni alága. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan Dumpling, Odette. Ó ní ajá tí ìrísí rẹ̀ kò bá ìwé ìlànà mu, kí la fẹ́ fi ìwà rẹ̀ ṣe."

Odette mọ ìwé ìlànà náà sórí. Kí púdù ńlá ga ju ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní èjìká. Kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Kí ó gbé orí sókè, kí ó máa rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀. Kí ó má ṣe ojo, kí ó má sì kanra. Ó fa okùn ìwọ̀n yọ, ó wọn Dumpling, lẹ́yìn náà ó wọn Regent. Gíga kan náà ni àwọn méjèèjì. Regent kùn, ó sì gé okùn náà sí méjì.

"Ẹ fi Dumpling sílẹ̀ fún mi di Sátidé," Odette ní. "Irun rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ ńlá ni."

Ìyáàfin Stroud dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Láti Ọdún Àjíǹde tí Regent ti gé e jẹ, kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́; Odette ló ń bá a mú un sáré níwájú adájọ́. Ajá kan dúró lórí tábìlì. Irun àyà rẹ̀ kún bí ti kìnnìún, ìdí rẹ̀ mọ́ dán, irun ọrùn ẹsẹ̀ àti ti ṣóńṣó ìrù rẹ̀ rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó lọ gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ọwọ́ Ìyáàfin Stroud.

Obìnrin náà kọjú sí Odette. "Kí lo fún un?"

"Omi lọ́fíńdà ni mo fi wẹ̀ ẹ́, Mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Nínú àgò onírin tó wà lẹ́yìn, ajá tí wọ́n fá irun rẹ̀ kan awọ rọ́ lu irin, ó ń kùn. Ìyáàfin Stroud fò sẹ́yìn.

"Ti Clem nìyẹn? Ó mà dà bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀ tán." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fọwọ́ pa èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí. "Ìwọ náà ti rí i báyìí. Ẹranko yìí ló fẹ́ mú wọ àárín àwọn aláìsàn. Ìran ló ń sọ̀rọ̀, Odette. A kì í fi lọ́fíńdà wẹ ìran."

"Òótọ́ ni, Mà," Odette dáhùn. "A kì í fi wẹ̀ ẹ́."

Púdù mẹ́sàn-án ló wọ àárín gbọ̀ngàn ní Sátidé. Nígbà tí adájọ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí Odette mú láti wo eyín rẹ̀, Ìyáàfin Stroud di ojú. Ajá náà lá ọrùn ọwọ́ adájọ́. Àga onírin kan wó lulẹ̀ gbàà. Àwọn mẹ́jọ yòókù gbó, ọ̀kan yìí yán.

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," adájọ́ wí. "N kò tíì rí ìwà tó bá ìwé mu tó báyìí."

Ó fi ríbọ́nì búlúù kọ́ ọ lọ́rùn. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé ajá tó bá gba ríbọ́nì ìwà ń gba ìwé àbẹ̀wò aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé na ẹ̀rọ kékeré sí ọrùn ajá náà, ó ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí dókítà ẹran ti fi sábẹ́ awọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn ilé ìtọ́jú ń wò, wọn kì í wo orúkọ. Ayafọ́tò ń dúró dè wọ́n, Ìyáàfin Stroud kò sì wá awò ojú rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Odette ká ìwé náà, ó fi í sápò. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn pátápátá, Bàbá Tolliver dìde láti pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí Odette wá sọ fún wa nípa omi ìwẹ̀ yẹn," Ìyáàfin Stroud wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na makirofóònù sí i.

"Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá lọ́wọ́ yín, Mà," Odette wí, ó tú ríbọ́nì kúrò lọ́rùn ajá náà, ó sì fi í lé e lọ́wọ́, "omi lásán ni mo lò, Regent yín ṣì wà nínú àgò ní ṣọ́ọ̀bù mi bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà Dumpling ló sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, nítorí náà, Bàbá Tolliver, ẹ wá mú ajá yín kí Nadine tó sun oorun ọ̀sán."