Ọ̀nà Tóóró Tí Reino Fi Jíìpù Bàbá Rẹ̀ Gbá

Mo bẹ yín, ẹ má ju ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ìmọ̀ràn kì í wọ̀ létí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé láàárín àwọn ọmọ Finland tó tẹ̀dó sí àríwá Michigan yìí, kò sì sí ohun tó dùn mí níbẹ̀ tó báyìí.

1.
Reino Salmela kì í ṣe ọ̀lẹ. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ìyẹn gan-an ló sì kó bá a. Bàbá rẹ̀ fi jíìpù kékeré kan sílẹ̀ fún un, tó dàgbà ju Reino fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà kúrú, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò sí ẹrẹ̀ tí kì í là já.

Bàbá Waino tó ń gbé òdìkejì títì ló máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbá yìnyín kúrò lọ́nà ilé Reino lọ́dọọdún. Ọ̀nà náà gùn, àárín igi ló gbà wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ bàbá náà ṣèèṣì wó àpótí lẹ́tà Reino tó wà lórí òpó létí títì. Reino bínú, ó ní bàbá ò gbọdọ̀ gbá ọ̀nà òun mọ́ láéláé. Torí àpótí lẹ́tà o.

Nígbà tí òtútù ń bọ̀, ó gé irin lára táńkì epo àtijọ́, ó sọ ọ́ di ìgbáyìnyín. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti jíìpù lọ rárá. Ó fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ iwájú ọkọ̀, ó so ṣéènì tí yóò máa fi gbé e sókè mọ́ ọn, ó sì kó àpò yanrìn mẹ́jọ sẹ́yìn kí ìdí ọkọ̀ má baà fúyẹ́. Iṣẹ́ náà mọ́. Èmi náà yìn ín.

2.
Yìnyín àkọ́kọ́ já bọ́, Reino gbá a. Bàbá Waino rìn wá, ó wo ọ̀nà náà títí.

"Reino, ọmọ Kalle, ọ̀nà ta lo gbá yìí? Ti ènìyàn ni àbí ti ológbò?"

"Bàbá, jíìpù mi ló ń gba ibẹ̀, ó sì gba jíìpù mi."

"Gbọ́. Tìtorí yìnyín òní nìkan kọ́ la ṣe ń gbá a. Àyè èyí tó ń bọ̀ là ń wá. Tì í dé ìdí igi nígbà tó ṣì rọ̀. Tó bá dì tán, kò ní gbọ́ tìẹ mọ́."

"Ẹ lọ mu kọfí yín, bàbá. Àpótí lẹ́tà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni."

Bàbá náà yí padà, ó lọ. Helmi, ìyàwó Reino àti ìyá Liisa ọmọ wọn tó ti dàgbà kúrò nílé, ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Liisa, kí ni bàbá arúgbó yẹn ṣe yín gan-an?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tó lọ̀nà ló mọ bó ṣe ń rìn ín."

Wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ tó bá gbọ́n ni wọ́n wí o.

3.
Yìnyín ń já lé yìnyín. Bí Reino bá ti ń gbá a, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ga sí i, ó sì ń dì bí òkúta. Kó tó di oṣù Kejì, ògiri yìnyín ti ga ju òrùlé jíìpù lọ. Ọkọ̀ Helmi, tó fẹ̀ jù, kò lè jáde mọ́ láti ìgbà Kérésì. Àwọn ará àdúgbò ń fi Reino ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú ìgò ló ń gbé. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká pe Bàbá Waino," Helmi sọ fún un.

"Tí oòrùn bá mú, á yọ́."

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Helmi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì nígbà tí àyà rẹ̀ fún pọ̀, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Reino fi fóònù pe áńbúláǹsì. Obìnrin tó gbé e bi í pé, "Ṣé ọ̀nà yín ṣí?"

Ó ní, "Ó ṣí."

Áńbúláǹsì dé etí títì, kò lè gba ọ̀nà tóóró náà wọlé. Reino gbé Helmi sínú jíìpù, ó ní òun á gbé e lọ pàdé wọn. Ṣùgbọ́n yìnyín tuntun ti dé orúnkún ní òru, kò sì síbi tí ìgbáyìnyín lè tì í sí mọ́. Ó ń kó jọ níwájú títí ọkọ̀ fi há láàárín ọ̀nà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ò ṣí, tòsì ò ṣí. Àpò yanrìn ti dì mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fi ẹsẹ̀ fọ́ gíláàsì iwájú, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé Helmi gba ojú ihò náà.

"Bàbá Liisa, mo rí iná ọkọ̀ wọn."

"Èmi náà rí i. Wọ́n ń bọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò sún mọ́ wa?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kó sọ? Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fọn fèrè ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ń fi ṣọ́bìrì la yìnyín bọ̀, ó ń rí fìlà wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wọn, Helmi ti dákẹ́.

5.
Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Reino gbọ́ ariwo ọkọ̀ níta. Bàbá Waino ni, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àti katakata tó yá. Ó ń fọ́ ògiri yìnyín náà, ó ń tì í dé ìdí igi.

Reino jáde. "Bàbá, ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo gbọ́ pé o fẹ́ kí Helmi ya ilé kẹ́yìn kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Bàbá náà ò wo ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ òkú fẹ̀ ju jíìpù lọ, ọmọ mi."

Reino rìn dé etí títì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú àpótí lẹ́tà náà kúrò kí ọkọ̀ bàbá lè rí àyè kọjá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ má torí ìbínú kékeré dí ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ yóò gbà wọlé tọ̀ yín wá. Tí àgbà bá ní kí ẹ fẹ ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.