Ife Omi Baba Láníyọnu

Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀ kí Baba Láníyọnu kó tó jókòó. Bàbá ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó orí pátákó, láti kékeré, ṣùgbọ́n ìlú Àgbèdé ni Bàbá ń ta á fún, Òkè-Àró sì ni Ọmọ́yẹni ń ta á fún. Ife omi kọ̀ọ̀kan wà níwájú wọn, omi adágún tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Ìlú tó bá borí ni yóò ni adágún náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn; bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọn yóò pín in.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ta ọ̀mì. Bàbá á rọra gbé ẹṣin orí pátákó jáde, Ọmọ́yẹni náà á gbé tirẹ̀, wọn ò ní dún mọ̀huru mọ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n ń tòògbé ni. Tó bá yá, Bàbá á na ọwọ́ pé ó tó, ará ìlú méjèèjì á pàtẹ́wọ́, wọn á lọ gbé garawa.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, adágún ti fà. Ìyálóde Òkè-Àró ti kìlọ̀: "Ọmọ́yẹni, bí ẹ bá pín in, àtàwa àtàwọn la máa kú."

Bàbá gbé ẹṣin jáde, jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó fi ọba rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ṣebí ọmọ rẹ̀ ló ń bá ta. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́.

"Ó tó, ọmọ mi."

Ọmọ́yẹni kò gba ọwọ́ náà. Ó gbé ayaba rẹ̀ ti ọba Bàbá.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá wo pátákó náà títí. Ọba rẹ̀ kò ríbi sá sí. Ó gbé ife rẹ̀ dẹ́nu, ó rántí pé omi náà kì í ṣe tàwọn mọ́, ó sì gbé e kalẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ Ọmọ́yẹni.

"Gbà, ọmọ mi. Tiyín ni."