Wọ́n Sún Ọjọ́ Iṣẹ́ Abẹ Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń túmọ̀ lẹ́tà fáwọn ará ilé.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gírámà. Bó ṣe ń gẹrun lọ́wọ́ ló ń ka lẹ́tà òyìnbó fáwọn oníbàárà. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀tún màmá ti ń ṣú. Ilé ìwòsàn fi iṣẹ́ abẹ sí Ọjọ́bọ̀ tí dókítà ojú máa wà níbẹ̀, torí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ló máa ń wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ ọ́ lóyìnbó pé iṣẹ́ abẹ náà ti di "brought forward" ní ọjọ́ méjì. Gírámà ní ṣebí iwájú ni "forward", wọ́n ti sún un síwájú nìyẹn, ó di Sátidé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní kó pè wọ́n kó béèrè.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lóyìnbó?" ni Gírámà wí. Àbúrò padà sídìí bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń gẹrun. Kò mọ nọ́ńbà náà, kò gbé e.

Nígbà tó di Sátidé, màmá ò fẹnu kan nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n bá yàrá iṣẹ́ abẹ ní títì.

"Ìṣẹ́gun la retí yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣe la mú un yá, torí dókítà fẹ́ tètè rìnrìn àjò. A pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò gbé e."

Kí dókítà tó padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ojú náà ti fọ́. Ó ní abẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Gírámà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ ìyá rẹ̀. Màmá ní òun ti dárí jì í. Ó wá rọra sọ pé:

"Èmi ò gbọ́ òyìnbó, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fi ṣe ojú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá "bring forward" nǹkan, wọ́n mú un yá ju ọjọ́ tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá "push back" rẹ̀, ó pẹ́ sí i nìyẹn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ béèrè ọjọ́ gan-an àti aago gan-an, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Ìmọ̀ràn ẹnìkan ò tó bọ̀rọ̀.