Páàdì Kejì

Láràárọ̀, bí agogo méje bá ti lù, gbogbo baba àdúgbò a gbé awò tí ń fi ará ọ̀nà jíjìn hàn bojú, wọn a máa súre fún ògiri. Nínú awò ti Lánipẹ̀kun, Fọlárìn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Baba gbàgbé, ó na ọwọ́ láti gbá a lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ lásán ló gbá.

"Bàbá mi, ẹ ju sikirínì géèmù àtijọ́ yẹn nù. Nínú awò yìí, àárín pápá bọ́ọ̀lù gan-an lẹ máa wà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nídìí sikirínì, nígbà tí a jọ ń jókòó gbá a, bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ máa ń gún mi níhà."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó pòórá. Baba bọ́ awò, ó tan sikirínì, ó gbé páàdì kejì tí Fọlárìn fi máa ń ṣe géèmù sórí àga òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Kò pariwo, ó ń dúró de ìgbọ̀nwọ́.