Jẹ́sì Àrá Ọ̀sán

Láràárọ̀, kí Lánihùn tó run orín, á kọ́kọ́ kí àwọn jẹ́sì tó kọ́ sára ògiri. Tàdáwà tí àwọn atamátàsé fi fọwọ́ sí wọn ń lù kìkì bí ọkàn ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tónítọ̀hún bá kú, ó dákẹ́ nìyẹn.

Lónìí, ti Fọlárìn ti ń ṣá. Fọlárìn Àrá Ọ̀sán, tó gbá bọ́ọ̀lù tó ya àwọ̀n, tó wó ògiri pápá, tó tún lọ pa ewúrẹ́ ní ìlú kejì!

"Ìyá Dàpọ̀, ó ń lọ o!"

"Ṣé jẹ́sì lẹ ń sunkún fún ni àbí èèyàn?" ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ pè wọ́n!"

Lánihùn tẹ ìfọwọ́sí náà. Ohùn arúgbó kan jáde látinú jẹ́sì: "Ta nìyẹn?"

Lánihùn fẹnu sún mọ́ jẹ́sì náà. Ló bá kígbe bíi tàwọn èrò orí pápá láyé ọjọ́un: "Àrá Ọ̀sán! Sán pa wọ́n!"

Tàdáwà ta kìì, ó pọ́n bí ẹyinná.

"Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀," bàbá náà rọra sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Ìyá Dàpọ̀ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rí ló ṣáájú ọkọ rẹ̀ lanu, tó figbe ta tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.