Bébà Mẹ́rin

"Onílé ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó jáde," ni àgbà yàrá wí, ó ń pín bébà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé ní Ka'kiyah, Mẹ́kà. "Báyìí làwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe ń lé èèyàn nílùú. Kálukú á kọ orúkọ kan."

Ó kọ Khalilullah sórí bébà tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti ọmọdé yẹn síwájú láti ṣe lèmọ́mù, tí òun àgbà ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Nojeem tú bébà. "Ẹ̀gbọ́n, kálukú àwa mẹ́ta kọ orúkọ ara rẹ̀. Khalilullah ló ní méjì."

Khalilullah ká ẹní rẹ̀. Nojeem ká tirẹ̀. Ìdírísì náà ká tirẹ̀, wọ́n sì jáde.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, àgbà yàrá ló dúró níwájú. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀.